Pléètì itan tó ṣẹ́ láìsí ìṣubú: kí ló fà á, kí ló sì kù ní ṣíṣe?

Ìbéèrè: “Okun o, ẹ̀yin ẹnjiníà. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kadà gbé ìyá wa ṣubú lójú ọ̀nà Mopa, egungun itan ọ̀tún wọn sì ṣẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n fi pléètì irin àti síkúrù dè é. Wọ́n ti ń rìn, wọ́n tiẹ̀ ti padà sí ìsọ̀ wọn lọ́jà. Ní oṣù kọkànlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n fẹ́ dìde lórí àpótí ní ilé ìdáná, nǹkan ró nínú itan wọn, wọ́n sì jókòó padà. Wọn ò ṣubú, wọn ò kọsẹ̀. X-ray fi hàn pé pléètì ti dá sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní irin ayédèrú ni wọ́n fi sí i. Àwọn kan ní ó ti dógùn-ún nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn ní ká gbé wọn kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ká lọ bá àwọn tó ń to egungun. Ẹnìkan wá ní irin olówó ńlá tí wọ́n ń pè ní titanium nìkan ló lè gbà á, a sì ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ bàbá wa. Kí lẹ rí sí i?”

Okun o, arábìnrin mi. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ilẹ̀ rárá títí dókítà yóò fi tún rí wọn. Ẹnu irin tó dá mú, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá sì wà nítòsí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a dúró ná. Irin niṣẹ́ tèmi: mo máa ń wádìí ìdí tí irin tí wọ́n fi sínú ara ènìyàn fi ń ṣẹ́. Ohun tí mo bá sọ nípa egungun àti oògùn, ẹ̀gbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ni mo ti kọ́ ọ, dókítà tó bá yẹ Màmá wò ló sì lè fọwọ́ sí i. Mi ò rí X-ray wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀, pé wọn ò ṣubú, pé ó tó oṣù mọ́kànlá, pé ìdìde lásán ló fà á, ìròyìn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìdílé ni, ibi kan náà ló sì sábà máa ń já sí: egungun yẹn kò tíì so. Ẹ̀yin ń béèrè ìdí tí irin fi ṣẹ́. Ìdí tí egungun kò fi so láti ọjọ́ yìí ló yẹ kí gbogbo ilé máa béèrè, torí bí a kò bá mọ ìyẹn, irin míì tí wọ́n bá fi síbẹ̀, bó ti wù kó wọ́n tó, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni wọ́n fi irin rọ́pò egungun, pé bó bá ti wọlé, òun ni yóò máa gbé ènìyàn kiri títí ayé. Kò sí pléètì itan tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń di egungun mú sójú kan fún oṣù mélòó kan ni, kí egungun lè ráyè so, kó sì gba ẹrù rẹ̀ padà. Bí egungun ṣe ń so ni ẹrù orí irin ń fúyẹ́. Bí kò bá so, orí irin ni gbogbo ìṣísẹ̀ ń bọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ń rin ìṣísẹ̀ 5,000 lóòjọ́, èyí tí kò pọ̀ fún ẹni tó ń lọ sọ́jà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló gba 2,500 nínú rẹ̀. Láàárín oṣù mọ́kànlá, ó ti lé ní 800,000. Ẹrù ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ju ìwọ̀n ara lọ. Ní Berlin, Georg Bergmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn agbára sínú oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá tí wọ́n fi sí àwọn aláìsàn lára, ẹ̀rọ náà sì ń gba orí afẹ́fẹ́ ròyìn bí wọ́n ti ń rìn. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá rọra ń rìn, agbára tó ń bọ́ sórí oríkèé náà lé ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀. Bó bá kọsẹ̀, ó lè ju ìlọ́po méje lọ. Kéèyàn dìde lórí àga pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, àpótí ìdáná tiwa sì kúrú ju àga lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí Màmá máa dá ara wọn lẹ́bi nítorí ìdìde ọjọ́ yẹn. Irin náà ti ń sán láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn kó tó di ọjọ́ náà.

Ẹ wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin pílà. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ lásán fà á já, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá, tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, láìpẹ́ yóò já. Ohun tó ń ṣe pléètì nìyẹn, àfi pé títẹ̀ tirẹ̀ kéré débi tí ojú kò lè rí i. Etí ihò síkúrù kan ni ó sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá ihò tí wọn ò fi síkúrù sí tó dojú kọ ibi tí egungun ti ṣẹ́ gan-an, torí pé níbẹ̀ ni irin ti kéré jù tí títẹ̀ sì pọ̀ jù. Nígbà tí mo bá gbé ojú irin tó ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ maikirosíkópù, mo máa ń rí apá kan tó jọ̀lọ̀, tó ní ìlà rọ́bọ́tọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé ara wọn láti etí ihò wọnú irin. Ibẹ̀ ló ti ń sán díẹ̀díẹ̀. Ní òdì kejì, mo máa ń rí apá kan tó rí págunpàgun, tó ṣókùnkùn díẹ̀: ibẹ̀ ló ya lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Bí apá tó jọ̀lọ̀ bá gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ojú irin, á jẹ́ pé ẹrù tó mọ níwọ̀n ló ń gbé, ó kàn gbé e pẹ́ jù ni. Bí apá tó ya lẹ́ẹ̀kan bá gba gbogbo ibẹ̀ tí kò sí jíjọ̀lọ̀ kankan, ìgbà yẹn ni mo máa ń fura sí ìṣubú tí wọn ò sọ, tàbí irin tí kò dára. Nítorí náà, bí wọ́n bá yọ pléètì Màmá, ẹ ní kí wọ́n kó àjákù méjèèjì fún yín. Ẹ má fi ojú wọn ra ara wọn, torí ẹ ó pa ẹ̀rí rẹ́. Ẹ wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú bébà gbígbẹ, kí ẹ sì tọ́jú wọn pẹ̀lú gbogbo X-ray, láti ti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ti òní.

Bóyá ẹ ó ní, kí ló dé tí wọn ò ṣe pléètì nípọn kó má lè tẹ̀ mọ́? Ìbéèrè tó gbọ́n ni, àwa tó ń ṣe ìwádìí yìí sì ti fọ̀rọ̀ náà jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá sọ irin di ìlọ́po méjì nínípọn, líle rẹ̀ sí títẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n egungun tí irin gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í so dáadáa. Egungun nílò kí ojú ibi tó ṣẹ́ máa mì tín-ín-rín, ní ìwọ̀n tí kò tó mílímítà kan. Mímì tó bá pọ̀ jù kò ní jẹ́ kó so, bí kò bá sì mì rárá, á pẹ́ kó tó hu egungun tuntun. Àárín méjèèjì yìí ni ẹni tó ń ya àwòrán pléètì ń wá. Dókítà náà ń wá a nínú tíátà nígbà tó bá ń pinnu ihò tí yóò fi síkúrù sí àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Bí síkúrù bá há mọ́ ibi tó ṣẹ́ ní ọ̀tún àti lósì, orí ihò kan ṣoṣo ni gbogbo títẹ̀ ń já sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé egungun inú itan Màmá, ní òdì kejì pléètì, fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí ó ní àlàfo, pléètì nìkan ló ń dá gbé ẹrù náà, láti ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ dókítà fi máa ń yan ọ̀pá irin fún egungun itan tó bá ṣẹ́ láàárín. Ní 1939, Gerhard Küntscher ní Kiel, ní Jámánì, ti ọ̀pá tirẹ̀ bọ ihò inú egungun itan. Nítorí pé àárín gbùngbùn egungun ni ọ̀pá wà, kì í tẹ̀ tó pléètì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ti pé ó dógùn-ún, ẹ̀rù yẹn ní ìtàn. Àwọn pléètì tí William Arbuthnot Lane ń lò ní London ní nǹkan bí 1895 sókè máa ń jẹ ìpáàrà nínú ara, wọ́n sì máa ń ṣẹ́. Irin ìsinsìnyí yàtọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nílé ìwòsàn wa ni irin stainless tí wọ́n ń pè ní 316L: chromium inú rẹ̀ jẹ́ 17 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún, nickel 13 sí 15, molybdenum díẹ̀, carbon rẹ̀ kò sì ju 0.03 lọ. Chromium yẹn máa ń bá afẹ́fẹ́ tàbí omi ara ṣe awọ kan lójú irin, awọ tó fẹ́lẹ́ débi pé maikirosíkópù lásán kò lè rí i, òun ni kì í jẹ́ kí ìpáàrà wọlé. Bí wọ́n bá ha á, á tún ara rẹ̀ ṣe. Ibi tí kò ti lè tún ara rẹ̀ ṣe dáadáa ni abẹ́ orí síkúrù, níbi tí irin méjì ti ń fi ara ra ara nínú àlàfo tóóró. Nítorí náà, ìpáàrà díẹ̀ lè wà níbẹ̀, ó sì lè dá kún sísán, ṣùgbọ́n òun nìkan kì í já pléètì tó dára láàárín oṣù mọ́kànlá. Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn ilé wa bi mí bóyá a ò lè fi irin Ajaokuta ṣe é. Irin ilé àti afárá ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ibẹ̀. Irin ara gbọ́dọ̀ mọ́ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Ayédèrú wà, mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹbí lọ ra irin fúnra wọn, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ irin lẹ ń ra irin. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti nọ́ńbà ìpín (batch number) tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tàbí sára páálí rẹ̀, kí ẹ sì ní kí dókítà lẹ ìwé ara páálí náà mọ́ fáìlì. NAFDAC ló ni àkóso irú ọjà yìí ní Nàìjíríà, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ayédèrú lọ ni àlòkù: pléètì tí wọ́n yọ lára ẹlòmíràn, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n tún sè. Ó ń dán bíi tuntun, kòkòrò ti kú lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lo apá kan nínú ẹ̀mí rẹ̀ lára ẹni àkọ́kọ́, sísán sì lè ti bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Kò sí sísè tó lè dá ìyẹn padà.

Ohun kan tún wà tí ẹbí kì í rí, tí èmi sì ń pariwo rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá pè mí sí: ẹnu dírìlì. Kí síkúrù tó wọ egungun, dírìlì ló ń la ihò fún un. Ẹnu dírìlì tó bá ti kú kì í gé egungun, ńṣe ló ń ra á, rírà náà sì ń mú ooru wá. Ní Sweden, ní 1983, Eriksson àti Albrektsson fi hàn pé bí egungun bá gba ooru 47°C fún ìṣẹ́jú kan péré, ó ti tó láti pa á lára. Egungun tó kú yí síkúrù ká kò ní di síkúrù mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan síkúrù á dẹ̀, pléètì á máa mì ju bó ti yẹ lọ, ojú ibi tó ṣẹ́ kò sì ní lè so. Ẹni tó wò ó lẹ́yìn náà á ní irin kò dára, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu dírìlì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́ abẹ ló fà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kan àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ń rẹ sínú omi bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Chlorine inú rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò wínníwínní sójú irin stainless, orí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí síkúrù á sì jẹ, á máa yọ̀. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ jẹ́ kí irinṣẹ́ pẹ́ á fi ọṣẹ tó yẹ fọ̀ ọ́, á gbẹ ẹ́, á sì fi ooru omi sè é nínú autoclave ní 121°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí egungun Màmá. Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà yóò fẹ́ mọ̀ ni bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Kòkòrò lè sá pamọ́ sójú irin fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ọyún, láìsí ibà, àfi ìrora tí kì í lọ tán. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì bù díẹ̀ nínú ẹran àti egungun níbi mélòó kan nígbà iṣẹ́ abẹ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹ má ṣe ra oògùn apakòkòrò fún Màmá ní kẹ́mísì ṣáájú ìgbà náà, torí ó lè fi kòkòrò náà pamọ́ fún àyẹ̀wò. Wọ́n á tún wo ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n á béèrè oúnjẹ wọn, wọ́n á sì béèrè tábà. Bí Màmá bá ń fín aṣáà, ẹ má fi bò fún dókítà. Nicotine máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbi ọgbẹ́ kù. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n mo mọ bí nǹkan ṣe rí nílé wa: ìyá tó bá jókòó sílé oṣù mẹ́fà, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀?

Titanium dára, mi ò bá a jà. Líle rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì ti stainless, nítorí náà ó sún mọ́ egungun díẹ̀ sí i, kò ní nickel fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á, kì í sì í ba àwòrán MRI jẹ́ tó stainless. Ṣùgbọ́n kì í fẹ́ ojú ọgbẹ́: bí wọ́n bá fi irinṣẹ́ ha á nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bá egungun mu, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Síkúrù rẹ̀ tún lè lẹ̀ mọ́ pléètì débi pé yíyọ rẹ̀ di wàhálà. Lórí egungun tí kò so, titanium náà yóò ṣẹ́, ó kàn lè pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa ta ilẹ̀ nítorí orúkọ irin. Bí owó bá wà, ẹ jẹ́ kó lọ sórí dókítà tó mọ iṣẹ́ egungun tí kò so, àyẹ̀wò kòkòrò, àti ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Àwọn tó ń to egungun nílé wa, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Egungun tó ṣẹ́ ṣákálá láìsí ọgbẹ́, mo mọ àwọn tó so lọ́wọ́ wọn. Èyí kì í ṣe irú rẹ̀. Irin tó dá sí méjì wà nínú itan yẹn, fífà àti wíwọ́ lè ti ẹnu rẹ̀ bọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fi igi dì í le koko, ẹsẹ̀ lè kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé wọn lọ.

Ohun tó kù, bí mo ti ń rí i lọ́wọ́ àwọn dókítà, pín sí ọ̀nà méjì. Bí kò bá sí kòkòrò, wọ́n sábà máa ń yọ àjákù irin, wọ́n á ha ojú egungun tó ti kú kúrò, wọ́n á bu egungun díẹ̀ láti ìbàdí Màmá fúnra wọn lé ibẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀pá irin tàbí pléètì tó gùn ju ti àkọ́kọ́ dè é. Kí wọ́n kàn pààrọ̀ pléètì sí irú rẹ̀ láìfi egungun kún un ni ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ìdí rẹ̀ dáadáa. Bí kòkòrò bá wà, ìpele méjì ni, ó sì gùn: yíyọ irin, fífọ̀ mọ́, férémù irin níta ẹsẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, oògùn, kí wọ́n tó wá dè é pátápátá. Nípa ọ̀pá irin, ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ wà lára àwọn tó ń lo ọ̀pá àjọ SIGN. Lewis Zirkle, dókítà egungun ará Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní 1999 ní ìpínlẹ̀ Washington, kí àwọn ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ X-ray nínú tíátà lè rí ọ̀pá lò fún aláìlówó. Apá irin kan tó ń tọ́ka ihò láti ìta ló rọ́pò X-ray yẹn. Irin stainless ni ọ̀pá náà, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dìde. Ó wà ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà. Bí àwọn tó wà nítòsí bá ní ọ̀rọ̀ náà ju agbára wọn lọ, ẹ gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin, tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì ní Èkó, tí iṣẹ́ egungun jẹ́ olórí iṣẹ́ wọn.

Ẹ ó máa gbọ́ nípa irin tó ń yọ́ nínú ara. Òótọ́ ni: síkúrù magnesium kan gba àṣẹ títà ní Yúróòpù ní 2013, ara á sì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí egungun bá so tán. Egungun kékeré bíi ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Kò tíì tó ru itan àgbàlagbà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi gba owó lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì, ẹ má dúró de ìgbà tí irin yóò tún sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya X-ray ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní oṣù kẹta, ní oṣù kẹfà, kí ẹ sì ní kí dókítà fi ìka tọ́ka sí egungun tuntun tó ń gba orí ibi tó ṣẹ́ kọjá. Bó bá di oṣù kẹfà tí kò rí ohun tí yóò tọ́ka sí, tàbí tí itan bá ṣì ń dun Màmá nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè ohun tó kàn, nígbà tí irin ṣì wà lódindi.